Ìfọwọ́kàn Láti Ọ̀nà Jíjìn: Àrokò Àwọn Baba Wa àti Aṣọ Tí Ó Ń Gbáni Mọ́ra

Ẹ̀kọ́ tí a gbé wá lọ́tẹ̀ yìí dá lórí ìbéèrè kan tí ó dà bí àwàdà létí: ǹjẹ́ ènìyàn lè fọwọ́ kan ẹni tí kò sí nítòsí rẹ̀? Ohùn ti ń rìnrìn àjò lórí wáyà láti ayé àwọn baba ńlá wa. Àwòrán náà ti ń rìn. Ìfọwọ́kàn ni ó kù sẹ́yìn, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ní ilẹ̀ òkèèrè sì ti ń wá ọ̀nà láti nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn kí òun náà lè máa rìn. A fẹ́ yẹ iṣẹ́ wọn wò, a ó sì gbé e kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àrokò tí àwọn baba wa ń pa, nítorí ó dá wa lójú pé ọmọ Yorùbá tí ó bá mọ ohun tí àrokò jẹ́ kò ní ṣàìní ìbéèrè tí yóò bi àwọn tí ń ṣe ẹ̀rọ wọ̀nyí.

Ibi tí a wà gan-an mú kí ọ̀rọ̀ náà kàn wá. Ekiadolor kò jìnnà sí ìlú Bìní, ojú ọ̀nà tí ó lọ sí Èkó ni ó wà. Àwa ọmọ Yorùbá tí a ń kàwé níbẹ̀ fi òbí sílẹ̀ ní Ọ̀wọ̀, ní Àkúrẹ́, ní Ìbàdàn àti ní ibi tí ó jìn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fóònù wà lọ́wọ́ olúkúlùkù, ohùn ilé kò sì wọ́n wa. Síbẹ̀, ẹni tí ibà bá ti mú rí nínú ilé akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ pé "pẹ̀lẹ́, ọmọ mi" tí a gbọ́ lórí fóònù yàtọ̀ sí ẹ̀yìn ọwọ́ ìyá ẹni tí ó sọ̀ kalẹ̀ síwájú orí láti mọ̀ bóyá ara ń gbóná. Èkínní jẹ́ ọ̀rọ̀. Èkejì kì í ṣe ọ̀rọ̀ rárá, ara wa sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ohun tí awọ ara ń ṣe

Kí a tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ, ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tí à ń wí. Ojú kò ju méjì lọ, etí kò ju méjì lọ, ṣùgbọ́n awọ bo ènìyàn láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Abẹ́ awọ yìí ni àwọn fọ́nrán iṣan tí ń kó ìròyìn lọ sí ọpọlọ wà, iṣẹ́ wọn kò sì rí bákan náà. Àwọn kan ń mọ ìtẹ̀mọ́lẹ̀, àwọn kan ń mọ gbígbóná àti títutù, àwọn kan sì wà tí ó jẹ́ pé gbígbọ̀n ni tiwọn. Nǹkan tí ó bá ń gbọ̀n ní ìgbà 200 sí 300 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan ni àwọn wọ̀nyí mọ̀ jù. Ìdí nìyí tí fóònù fi lè gbọ̀n nínú àpò ṣòkòtò kí a sì mọ̀ bí ariwo tilẹ̀ gba gbogbo ilé. Ní 2010 ni Ardem Patapoutian àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà rí àwọn ilẹ̀kùn tín-ín-tìn-ìn-tín inú ara tí ń ṣí nígbà tí a bá tẹ ara mọ́lẹ̀, òun àti David Julius sì jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní 2021 lórí irú iṣẹ́ yìí.

Ẹ jẹ́ kí a dán ohun kan wò. Mú ẹyọ ọwọ̀ méjì, kí ẹnìkejì rẹ di ojú. Fi ẹnu ọwọ̀ méjèèjì kan orí ìka rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí o sì bi í bóyá ọ̀kan ni tàbí méjì. Bí wọn kò tilẹ̀ jìnnà síra ju mìlímítà méjì tàbí mẹ́ta lọ, yóò mọ̀ pé méjì ni. Wàyí o, fi wọ́n kan ẹ̀yìn rẹ̀. O lè ya wọ́n síra tó mìlímítà mẹ́rìndínlógójì tàbí ogójì kí ó tó mọ̀ pé wọn kì í ṣe ọ̀kan. Ẹ rántí èyí, nítorí pé nínú rẹ̀ ni àwọn tí ń ṣe aṣọ ti rí ọ̀nà àbùjá: aṣọ kò nílò ohun púpọ̀ láti tan ẹ̀yìn jẹ.

Irú ìfọwọ́kàn kan tún wà tí ó ní iṣan tirẹ̀. Bí a bá rọra fi ọwọ́ tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ra apá ènìyàn, kí ọwọ́ náà máa rìn ní sẹ̀ǹtímítà kan sí mẹ́wàá láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, àwọn iṣan kan tí ó lọ́ra wà nínú awọ onírun tí ó jẹ́ pé èyí ni wọ́n ń dáhùn sí jù. Bí ọwọ́ bá yára jù, wọn kò dáhùn dáadáa. Bí ó bá falẹ̀ jù, bákan náà ni. Ìwọ̀n tí ìyá fi ń ra ọmọ lẹ́yìn kí ó lè sùn nìyẹn. Kò sí ẹni tí ó kọ́ wọn.

(Ẹ jọ̀wọ́, kí a tó kọjá: ẹ wo bí èdè wa ṣe sọ ọ́. "Mo fọwọ́ kàn án" àti "ọ̀rọ̀ náà kàn mí", "kàn" kan náà ni. Ohun tí ó bá jẹ́ tiwa ni ó kàn wá.)

Ẹ̀rọ tí à ń wọ̀ sọ́rùn

Ní 1986, àwọn ayàwòrán méjì ní Kánádà, Norman White àti Doug Back, so ẹ̀rọ méjì pọ̀ lórí wáyà tẹlifóònù, ọ̀kan ní Toronto, èkejì ní Paris, kí ènìyàn méjì lè máa fi apá ja ìjàkadì láti ìlú méjèèjì. Bí ẹni ti Paris bá tẹ̀ ẹ́, ẹni ti Toronto yóò mọ̀ ọ́n lápá. Lẹ́yìn ọdún mọ́kànlá tàbí méjìlá, Scott Brave àti Hiroshi Ishii ní ilé-ẹ̀kọ́ MIT ní Amẹ́ríkà ṣe igi rìbìtì mẹ́ta mẹ́ta sórí àpótí méjì: bí o bá yí tìrẹ, ti ẹnìkejì rẹ yóò yí. Àwọn wọ̀nyí kì í ṣe ohun wíwọ̀. Orí tábìlì ni wọ́n ń gbé.

Èyí tí ó di ohun wíwọ̀ tí gbogbo ayé sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni ẹ̀wù kan tí Francesca Rosella àti Ryan Genz ṣe ní 2002, tí wọ́n pè ní Hug Shirt. Ilé-iṣẹ́ wọn, CuteCircuit, wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ìlú tí àwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ sí rẹpẹtẹ. Ní 2006 ìwé ìròyìn Time kà á mọ́ àwọn ohun tuntun tí ó dára jù ní ọdún náà. Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò le yé. Àwọn ojú kan wà lára ẹ̀wù náà, ní èjìká, ní apá, ní ìhà, tí wọ́n ń mọ bí ọwọ́ ṣe tẹ̀ wọ́n tó, bí ó ṣe pẹ́ tó, àti bí ara ẹni tí ó wọ̀ ọ́ ṣe lọ́ wọ́ọ́rọ́ tó. Bí o bá wọ̀ ọ́ tí o sì fi apá méjèèjì gbá ara rẹ mọ́ra, ẹ̀wù náà yóò ka gbogbo rẹ̀, yóò fi Bluetooth gbé e fún fóònù rẹ, fóònù rẹ yóò gbé e fún fóònù ẹni tí o fẹ́ràn, ti ẹni náà yóò sì gbé e fún ẹ̀wù ọrùn rẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ kéékèèké inú ẹ̀wù yẹn yóò wá máa gbọ̀n ní ibi tí o ti tẹ tìrẹ. Kò gbà ju bí ẹni rán ọ̀rọ̀ kúkurú lórí fóònù lọ.

Lẹ́yìn èyí, aago ọwọ́ náà wọ ọjà. Láti 2015 tí Apple Watch ti jáde ni ẹni méjì tí wọ́n ní in ti lè fi ìka kan ojú aago kí ti ẹnìkejì rọra kan ọrùn ọwọ́ rẹ̀, tàbí kí ẹnì kan rán bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù sí ẹnìkejì. Àwọn ẹ̀gbà ọwọ́ tún wà tí àwọn olólùfẹ́ ń rà ní méjì méjì: o tẹ tìrẹ, tirẹ̀ gbọ̀n. Ìyẹn náà ni gbogbo iṣẹ́ rẹ̀.

Ní tiwa, kì í ṣe ti olólùfẹ́ ni ó wù wá jù nínú gbogbo èyí. Àwa tí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ń tọ́ yóò bá ọmọ tí kò ríran tí kò sì gbọ́ràn pàdé lọ́jọ́ kan. Fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, awọ ara ni ojú, òun náà ni etí. Ní 1887 ni Anne Sullivan ń fi ìka kọ lẹ́tà sí àtẹ́lẹwọ́ Helen Keller, ọmọ Amẹ́ríkà tí kò tíì pé ọdún méje, tí ọmọ náà fi mọ̀ pé ohun gbogbo ní orúkọ. Ní ilẹ̀ Jámánì àti Austria, álífábẹ́ẹ̀tì kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Lorm, tí olúkúlùkù lẹ́tà ní ibi tirẹ̀ lára ọwọ́. Ní nǹkan bí 2012, àwọn olùwádìí ní Berlin ran ìbọ̀wọ́ kan tí ó lè ka lẹ́tà wọ̀nyí bí a bá tẹ̀ wọ́n sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, tí yóò sọ wọ́n di ìwé orí fóònù tí a lè fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Bí èsì bá dé, ẹ̀rọ kéékèèké ẹ̀yìn ìbọ̀wọ́ náà yóò gbọ̀n lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sí i lára. Ẹni tí kò lè bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ àfi ẹni tí ó jókòó tì í di ẹni tí ó lè kí ìbátan rẹ̀ ní ìlú mìíràn. Bí a bá ní láti yan ọ̀kan nínú ẹ̀rọ wọ̀nyí kí ó dé ilé-ẹ̀kọ́ àwọn aláìríran àti àwọn adití ní orílẹ̀-èdè wa, ìbọ̀wọ́ yìí ni a ó yàn, ẹ̀gbà àwọn olólùfẹ́ á dúró ná.

Àrokò

Ní 1845 ni àlùfáà C. A. Gollmer ti ìjọ CMS dé Àgbádárìgì pẹ̀lú Àjàyí Crowther àti Townsend. Ó pẹ́ láàárín wa, ó sì kíyè sí bí àwọn ènìyàn tí kò mọ̀wé ṣe ń ránṣẹ́ tí iṣẹ́ náà kì í sì í ṣìnà. Ní 1885 ni wọ́n tẹ ohun tí ó kọ lórí rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọ̀kan nínú àwọn àrokò tí ó kọ sílẹ̀ wá láti ọwọ́ ọkùnrin kan tí ó wà nígbèkùn ní Dàhómì, ó sì fi í ránṣẹ́ sí ìyàwó rẹ̀. Ohun márùn-ún ni: òkúta, èédú, ata, àgbàdo yíyan, àti àkísà. Òkúta ń wí pé ara rẹ̀ le bí òkúta. Èédú ń wí pé ohun tí ń bẹ níwájú rẹ̀ dúdú. Ata ń wí pé ọkàn rẹ̀ ń jó. Àgbàdo ń wí pé ìyà ti mú kí ara rẹ̀ gbẹ. Àkísà ń wí pé báyìí ni aṣọ ọrùn rẹ̀ ṣe rí.

Ẹ gbé márùn-ún náà yẹ̀ wò. Kò sí ọ̀kan tí ojú nìkan lè kà tán. Òkúta kò lè wí pé òun le àfi bí a bá dì í mú. Ata, ẹni tí ó bá fọwọ́ kàn án tí ó sì fi ọwọ́ náà nu omijé ojú mọ ohun tí ó ń wí. Àgbàdo yíyan fúyẹ́ lọ́wọ́ ju èyí tí a kò yan. Bí àkísà náà bá sì jẹ́ pé ara aṣọ rẹ̀ gan-an ni ó ti ya á, a jẹ́ pé ohun tí ó ti kan ara ọkọ ní Dàhómì ni ó wà lọ́wọ́ ìyàwó yẹn. Ẹ̀wù Lọ́ńdọ̀nù kò ì tíì ṣe èyí.

Ìkejì tí a fẹ́ mú wá jẹ́ ti Ìjẹ̀bú, àwọn ọdún 1880 náà ni wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Ọmọ ọba kan ló pa á ránṣẹ́ sí ìbátan rẹ̀ tí ó wà ní ìlú mìíràn: owó ẹyọ mẹ́fà àti ìyẹ́ ẹyẹ kan. Ẹ̀fà ni ó fi fà á: mo fà ọ́ mọ́ra, kí ìwọ náà fà mọ́ mi. Ìyẹ́ ńkọ́? Gbogbo wa mọ ohun tí àwọn àgbà ń fi ìyẹ́ ṣe, etí ni wọ́n fi ń ro. Ohun tí ìyẹ́ ń wí ni pé etí rẹ nìkan ni ọwọ́ mi lè dé láti ibi tí mo wà, nítorí náà máa bọ̀ kí n rí ọ. Ọkùnrin yìí mọ ibi tí ìfọwọ́kàn láti òkèèrè parí sí, ó sì fi í sínú iṣẹ́ tí ó rán. Bákan náà ni ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó bá rán ẹyọ mẹ́fà sí ọmọbìnrin kan máa ń retí mẹ́jọ: ọkàn wa jọ. Ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá yóò ka owó náà, yóò sì kó o sápò.

Ará Ọ̀yọ́ gbé e kọjá bẹ́ẹ̀. Àwọn ìlàrí Aláàfin, tí wọ́n ń fá apá kan orí wọn tí wọ́n sì ń dá apá kejì sí, ara wọn fúnra rẹ̀ ni iṣẹ́ tí a rán. Ẹni tí ó bá rí orí yẹn lójú ọ̀nà kò ní béèrè ẹni tí ó rán an. Àwọn mìíràn nínú wọn sì ń jẹ́ orúkọ tí ó jẹ́ ìkìlọ̀, bíi Mádàríkàn. Ní Dàhómì, ọ̀pá ni ìránṣẹ́ ọba ń gbé kọ́ èjìká, àwọn Faransé sì ń pè é ní récade, láti inú ọ̀rọ̀ Potogí tí ó túmọ̀ sí iṣẹ́ tí a rán. Níwájú ọ̀pá náà, àwọn ènìyàn a máa dọ̀bálẹ̀ bí ẹni pé ọba ni.

Idẹ ọrùn Ọba Bìní

Èyí tí ó kan ilẹ̀ tí a wà yìí wà nínú ìwé João de Barros, òpìtàn Potogí, tí wọ́n tẹ̀ ní 1552. Ó ní ikọ̀ Ọba Bìní kan tí ó dé Potogí ní ayé Ọba João Kejì, ìyẹn lẹ́yìn tí João Afonso de Aveiro ti dé Bìní ní nǹkan bí 1486, sọ fún wọn nípa ọba ńlá kan nínú ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ogané. Bí ọba tuntun bá jẹ ní Bìní, yóò rán ikọ̀ lọ sọ́dọ̀ Ogané pẹ̀lú ẹ̀bùn. Ogané yóò fi ọ̀pá, àkẹtẹ̀ tí ó jọ ti ológun, àti àgbélébùú kan fún ọrùn ránṣẹ́ padà, idẹ ni gbogbo wọn. Láìsí ìwọ̀nyí, àwọn ará ìlú kò ní gbà pé ọba náà jẹ lóòótọ́. Ikọ̀ náà kì í rí ojú Ogané. Ẹ̀yìn aṣọ ìkélé sẹ́dà ni Ogané máa ń wà. Ọjọ́ tí ikọ̀ bá fẹ́ padà ni Ogané yóò yọ ẹsẹ̀ kan jáde lábẹ́ aṣọ náà, àwọn ikọ̀ yóò sì júbà ẹsẹ̀ yẹn. Wọn a fún ikọ̀ náà ní àgbélébùú kékeré kan kọ́ ọrùn.

Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé Ọọ̀ni Ifẹ̀ ni Ogané yìí. Àwọn kan kò gbà. Alan Ryder kọ ọ́ ní 1965 pé ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ apá ibi tí odò Ọya àti Bẹ́núè ti pàdé ni ọba náà wà. Àwọn onílé wa ní Bìní náà sì ní ìtàn tiwọn lórí ọ̀rọ̀ Ifẹ̀ àti Bìní, èyí tí kò bá tiwa mu níbi gbogbo, àlejò kì í sì í bá onílé jiyàn lórí ìtàn ilé rẹ̀. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ rí ni idẹ yẹn. Ọba méjì tí wọn kò fojú kan ara wọn rí, tí ọ̀nà jíjìn wà láàárín wọn, ohun tí a kọ́ sí ọrùn ni ó so wọ́n pọ̀. Ẹni tí ó wọ̀ ọ́ ń mọ ìwúwo rẹ̀ láyà ní gbogbo ọjọ́ tí ó bá fi wọ̀ ọ́.

Ibi tí wọ́n ti yà

Ẹnì kan lè wí pé a ń fi ipá so nǹkan pọ̀: àrokò jẹ́ lẹ́tà, aṣọ òyìnbó ni ó jẹ́ ìfọwọ́kàn. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Àrokò ní ìtumọ̀ tí a ní láti kọ́, ẹ̀wù tí ń gbọ̀n kò ní. Ṣùgbọ́n ẹ̀wù náà, ṣé ìfọwọ́kàn ni ó ń rán? Gbígbọ̀n ni ó ń rán. Awọ ara tí a fi ọwọ̀ méjì dán wò lókè yẹn ni ó gbà á, ọpọlọ ni ó sì parí iṣẹ́, nítorí pé ó ti mọ ẹni tí ó rán an. Bí àjèjì bá rán irú gbígbọ̀n kan náà sí ọ, ìyọlẹ́nu ni. Àmì ni òun náà, gẹ́gẹ́ bí ẹyọ mẹ́fà.

Ìyàtọ̀ tí ó dùn wá jù ni ti ohun tí ó kù lẹ́yìn. Gbígbọ̀n kọjá, kò sí ohun tí a lè fi sábẹ́ ìrọ̀rí. Bí bátìrì bá kú, tàbí tí ilé-iṣẹ́ tí ó ni ètò orí fóònù bá ti ilẹ̀kùn, ẹ̀wù olówó iyebíye náà di ẹ̀wù lásán. Gbogbo ìgbánimọ́ra tí a fi ránṣẹ́, àti bí ọkàn wa ṣe ń lù, ni wọ́n sì lè gba inú ẹ̀rọ àwọn tí a kò mọ̀ rí kọjá. Ẹni tí ó gbé àrokò Ìjẹ̀bú yẹn lè máà mọ ohun tí ó gbé.

Ọ̀rọ̀ àpọ́nlé náà tún wà. Àwọn tí wọ́n ṣe ẹ̀wù yìí wá láti ilẹ̀ tí ọmọ ti lè di baba rẹ̀ mọ́ra ní òwúrọ̀, kí ó sì lọ. Ní ilẹ̀ wa, ìdọ̀bálẹ̀ àti ìkúnlẹ̀ ni ti ọmọ. Ọmọ kì í kọ́kọ́ na ọwọ́ sí àgbà. Àgbà ni ó ń gbé ọwọ́ lé ọmọ lórí tí ó bá ń wúre, àgbà ni ó ń gbá a lẹ́yìn pé "ó ṣeun". Ìfọwọ́kàn tiwa ní òkè, ó sì ní ìsàlẹ̀, ẹ̀rọ wọn kò sì mọ èyí: bí ọmọ ṣe lè rán an sí baba náà ni baba lè rán an sí ọmọ. Ó yẹ kí ọmọ Yorùbá kan tí ó mọ iṣẹ́ ẹ̀rọ ronú sí èyí, kí ó ṣe fìlà tàbí gèlè tí ó jẹ́ pé ìwúre nìkan ni ó ń gbà. À ń ṣàwàdà, ṣùgbọ́n kì í ṣe àwàdà tán.

Iṣẹ́ àṣetiléwá

Bí ẹ bá lọ sílé fún ìsinmi, ẹ bi àwọn àgbà ní àdúgbò yín ní ìbéèrè wọ̀nyí. Àrokò wo ni wọ́n rí pẹ̀lú ojú wọn, tí kì í ṣe èyí tí wọ́n gbọ́? Ta ni ó rán an, ta ni ó gbé e, kí ni èsì? Ìka tàbí ohun wo ni ó ní ìtumọ̀ ní ẹ̀ka èdè tiyín tí kò ní in ní ti Ọ̀yọ́ tàbí Ìjẹ̀bú? Ẹ béèrè pàápàá lọ́wọ́ àwọn ìyá, nítorí pé ti ọba àti ti ogun ni ó pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ti kọ sínú ìwé, bẹ́ẹ̀ àwọn obìnrin náà ránṣẹ́ sí ọkọ, sí ọmọ àti sí orogún. Ẹ kọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́, pẹ̀lú àmì ohùn, kí ẹ sì fi lé olóòtú lọ́wọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá rí èyí tí ìyẹ́ ẹyẹ wà nínú rẹ̀, kí ó tètè jẹ́ kí a gbọ́.